Kí Abẹ Tó Kan Ìpéǹpéjú

Lọ́dún 2024, nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ tí àwọn èèyàn ṣe kárí ayé nítorí ẹwà, ti ìpéǹpéjú ló pọ̀ jù. ISAPS, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà, ṣírò rẹ̀ sí ohun tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó sì ti fi fífa ọ̀rá, tó máa ń wà níwájú tẹ́lẹ̀, sẹ́yìn. Lọ́dún yẹn kan náà ni IDF, àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, fojú bù ú pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 589 ló ní ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án, àti pé ó ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìgbà tí ìpéǹpéjú ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ wálẹ̀, láti bí ogójì ọdún lọ sókè, náà ni ṣúgà ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀ràn méjèèjì sì máa ń pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo.

Ṣé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀? Ó lè ṣe é, bí ṣúgà rẹ̀ bá wà níkàáwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé àìsàn wà lára rẹ̀, ó tún ń wá ẹwà. Àwọn tí ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn ti ń lé tìróò sójú kò ní ẹnu àtibú ẹni tó fẹ́ kí ojú òun fani mọ́ra. Àmọ́ wákàtí kan tàbí méjì tí abẹ máa fi ṣiṣẹ́ ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú.

Awọ ìpéǹpéjú ló fẹ́lẹ́ jù lọ lára èèyàn, kò tó mìlímítà kan, bí èèpo inú àlùbọ́sà ló ṣe rí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ti òkè, oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ fi bírò sàmì sí awọ tó pọ̀ jù nígbà tí ẹni náà ṣì jókòó, torí bó bá ti dùbúlẹ̀, awọ á sún kúrò níbi tó wà. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora níbẹ̀, wọ́n á gé awọ náà lójú ìlà tí ìpéǹpéjú ti ń ṣẹ́ po, wọ́n á yọ ọ̀rá díẹ̀ bó bá yẹ, wọ́n á sì fi òwú tín-ínrín rán an. Àpá á sá pamọ́ sínú ìlà yẹn. Ti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀rá ti máa ń kó jọ bí àpò, wọ́n lè gba inú ìpéǹpéjú wọlé kí àpá kankan má hàn lóde. Wọ́n máa ń yọ òwú ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun: Celsus ará Róòmù ti kọ nípa gígé awọ ìpéǹpéjú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Ali ibn Isa ní Baghdad sì sọ bí wọ́n ṣe ń fi igi wẹ́wẹ́ méjì há awọ náà títí tí yóò fi kú, tí yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí abẹ òde òní ń bà lẹ́rù lè fi ti igi méjì yẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà gbọ́dọ̀ wá rí ni ìdí tí ìpéǹpéjú fi wọ́. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, awọ ló ti rọ̀. Lára àwọn mìíràn, awọ kò ní nǹkan kan, iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ló ti dẹ̀, gígé awọ kò sì ní gbé e dìde. Àtọ̀gbẹ tún ní ti tirẹ̀. Ó lè dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín tó ń bọ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń darí ojú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní iṣan kẹta. Ẹni tó sùn láìsí wàhálà á jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú ojú kan á ti padé; bó bá fọwọ́ gbé e sókè, ẹyinjú á ti yà síta, nǹkan kan ṣoṣo á sì di méjì lójú rẹ̀. Nínú irú èyí tí ṣúgà fà, ọmọlójú ṣì sábà máa ń fún nígbà tí wọ́n bá tan iná sí i, iṣan náà sì máa ń bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí oníṣẹ́ abẹ kan bá ti kánjú gé awọ kúrò ṣáájú ìgbà náà, ojú tí kò ní lè padé tán ni yóò kù nígbà tí iṣan bá jí. Bí ọmọlójú bá sì ti fẹ̀ tí kò fún mọ́, tí orí ń fọ́ ẹni náà gidigidi, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn ńlá, torí ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló wú nínú ọpọlọ.

Àpò abẹ́ ojú pẹ̀lú kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀rá. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ máa ń ba kíndìnrín jẹ́, omi tí kíndìnrín kò lè gbé jáde a sì máa kọ́kọ́ hàn níbi tí awọ bá ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń wú láàárọ̀ tó sì máa ń fà bí ọjọ́ bá ti ń lọ, àyẹ̀wò ìtọ̀ ló yẹ kó ṣáájú oníṣẹ́ abẹ. Ìyẹn kò ju kí wọ́n wò ó bóyá purotéènì ń bá ìtọ̀ jáde, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àìsàn tàírọ́ìdì, tó máa ń bá irú àtọ̀gbẹ kìíní rìn, lè yí bí ìpéǹpéjú ṣe jókòó padà. Àwọn àmì pupa rúsúrúsú tó máa ń yọ lẹ́bàá imú lórí ìpéǹpéjú, tí ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń fẹ́ kí wọ́n gé kúrò, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú wọn. Bí ìdajì àwọn tó ní in ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lè gé e, ó sì lè tún hù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ àtọ̀gbẹ ni egbò ẹsẹ̀ tí kì í jinná: ìṣó kékeré ló kọ́kọ́ gún bàbá, ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ń pariwo pé, “Màámi, ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹ ní ṣúgà ni?” bí ìyá bá dá a lábàá pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹ̀rù yẹn ní ìpìlẹ̀. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń lọ́ra, ògiri àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín máa ń nípọn, okun tí ara fi ń so ọgbẹ́ pọ̀ kì í sì yi dáadáa. Kó tó di pé wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní ínsúlínì ní Toronto ní oṣù January ọdún 1922, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ fọwọ́ kan alátọ̀gbẹ rárá.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ìpéǹpéjú. Ẹsẹ̀ jìnnà sí ọkàn, àtọ̀gbẹ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù, ó máa ń pa ìmọ̀lára rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń fi rìn lójoojúmọ́. Ìpéǹpéjú ń gba ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀nà méjì: òpó ńlá tó gba ọrùn wọnú orí àti èyí tó gba ìta ojú lọ jọ ń yọ ẹ̀ka síbẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń dúró lé e. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ ibẹ̀ fi tètè ń jinná, tí kòkòrò àrùn kì í sì í wọ ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ yìí lára ẹnì kan pàápàá nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́, àrùn kan wà tó ṣọ̀wọ́n gidigidi, tó máa ń jẹ ẹran ara abẹ́ awọ ìpéǹpéjú run láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ṣúgà wọn kò sí níkàáwọ́ sì wà lára àwọn tó rọrùn fún un láti mú. Ojú tó ń pọ́n sí i, tó ń dùn ju bó ṣe rí lánàá lọ, tí awọ rẹ̀ sì ń dúdú, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ̀ nílé.

Ní ti kílọ́ìdì tí àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń bẹ̀rù, ìròyìn dáadáa ló wà níbẹ̀. Ìpéǹpéjú wà lára àwọn ibi tí kílọ́ìdì kì í sábà hù sí, kódà lára ẹni tí etí rẹ̀ ti hù ú níbi tí wọ́n ti lu ú.

Báwo ni oníṣẹ́ abẹ ṣe ń mọ̀ pé ṣúgà ẹnì kan wà níkàáwọ́? Àyẹ̀wò ìka àárọ̀ ọjọ́ kan kò tó, torí ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì ṣọ́ ẹnu lè fi tan dókítà jẹ. HbA1c ni wọ́n ń wò. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, bó sì ti ń rìn kiri ni ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ọn. Iye tó bá lẹ̀ ló ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àtọ̀gbẹ Amẹ́ríkà, ADA, dámọ̀ràn pé kó wà lábẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan, bó bá ṣeé ṣe. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè sílẹ̀ dé 8.5. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 11, tí dókítà sì ní kó lọ kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò yẹ kó lọ wá dókítà mìíràn tí kò ní bi í ní nǹkan kan. Ìpéǹpéjú tó ti wọ́ fún ọdún mẹ́wàá lè dúró de oṣù mẹ́ta.

Nọ́ńbà yìí ní ọ̀fìn kan tó kan àwọn ọmọ Yorùbá gan-an, nílé àti lókè òkun. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2017 fi hàn pé lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, HbA1c ẹni tó jẹ́ AS máa ń fi nǹkan bí ìdá 0.3 kéré sí ti ẹni tó jẹ́ AA, bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiẹ̀ rí bákan náà. Èyí tó túmọ̀ sí pé 7.9 tó wà lórí ìwé láàbù lè jẹ́ 8.2 lára. Ti ẹni tó jẹ́ SS kò ṣeé gbára lé rárá, torí pé sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í pẹ́ láyé tó kí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe yẹ. Fún irú wọn, àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń jẹ́ fructosamine, ìwé tí wọ́n ti ń kọ àyẹ̀wò ìka ojoojúmọ́ sí á sì tún ṣèrànwọ́. Dókítà ní London tàbí Houston tí kì í sábà tọ́jú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lè má rántí béèrè jínótáìpù. Ẹni tó mọ tirẹ̀ ni kó sọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ wìrì nítorí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti sún mọ́, ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán, tó bá ti bàjẹ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, lè burú sí i fúngbà díẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá já lójijì. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú, èyí tí wọ́n ń kán oògùn sójú fún kí ọmọlójú lè fẹ̀, yẹ kó wáyé kí ètò ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní èrè mìíràn. Àìmọye èèyàn ló ń di ẹ̀bi ojú tó ń ṣú ru ìpéǹpéjú tó wọ́, nígbà tó jẹ́ pé rẹ́tínà ló ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí pé gilakóòmà, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti ń jẹ etí ìran náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹwà ìpéǹpéjú tó lè dá ìran bẹ́ẹ̀ padà.

Omijé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìpéǹpéjú lè má padé tán fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lójú oorun, ojú a sì máa gbẹ. Ojú alátọ̀gbẹ sì sábà máa ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Àtọ̀gbẹ tún máa ń pa ìmọ̀lára kọ́níà, awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pa ti àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí yóò mú ẹlòmíràn pariwo lóru lè máà ta alátọ̀gbẹ lára, kí kọ́níà sì ti bó kó tó mọ̀. Àyẹ̀wò ojú gbígbẹ kò le: wọ́n á fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á wo bí omi ṣe rìn jìnnà tó lórí rẹ̀. Bí kò bá tó mìlímítà 5, ojú náà gbẹ gidi. Ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ dín awọ tó fẹ́ gé kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí kó sọ fún un pé kó má ṣe é.

Oògùn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú. Metformin, ADA ní kí wọ́n má lò ó ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Dapagliflozin àti empagliflozin, àwọn tó ń mú ara tọ ṣúgà dànù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá wọn dúró ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí pé bí ẹni tó ń lò wọ́n bá gbààwẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kún fún ásíìdì nígbà tí ẹ̀rọ ìka ṣì ń sọ pé ṣúgà rẹ̀ dára. Ẹni tó ń gún ínsúlínì yẹ kó wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀, kí ebi má bàa mú ṣúgà rẹ̀ já sílẹ̀ lórí ìjókòó. Àádọ́rin tàbí ọ̀ọ́dúnrún, kò sí èyí tó dára: láàárín 100 sí 180 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dL ni ADA fẹ́ kó wà, ìyẹn 5.6 sí 10 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mmol/L. Abẹ́rẹ́ dexamethasone tí àwọn kan máa ń fi dá ojú wíwú dúró á sì tún gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kò burú bí ẹni náà bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù jù ni kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sẹ́yìn ẹyinjú. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bí ẹnì kan nínú 2,000. Ìfọ́jú tó ń tìdí rẹ̀ wá kò ju bí ẹnì kan nínú 10,000. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń kó jọ síbẹ̀, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ kò lè fara dà á ju bí wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ sì ń lo aspirin, clopidogrel tàbí warfarin nítorí ọkàn wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá wọn dúró fúnra rẹ̀, torí oògùn tí wọ́n dá dúró nítorí ẹwà lè fa rọpárọsẹ̀. Dókítà ọkàn àti oníṣẹ́ abẹ ló máa jọ pinnu. Kí wọ́n sì gbọ́ nípa gbogbo nǹkan yòókù pẹ̀lú: kápúsù epo ẹja, ááyù tí wọ́n ń gbé mì láàárọ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ṣúgà. Àwọn kan máa ń fi ti àgbo pamọ́ nítorí wọn ò fẹ́ kí dókítà bínú. Ìbínú dókítà sàn ju ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ojú lọ. Bí ojú bá ń dùn kíkankíkan lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tó ń yọ síta, tí ìran sì ń ṣú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe bó bá di àárọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló máa ń rántí Stella Obasanjo, aya ààrẹ ìgbà náà, tó kú ní October 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fífa ọ̀rá ní Marbella, ní ilẹ̀ Sípéènì. Ti Donda West, ìyá akọrin Kanye West, ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ náà kì í ṣe ti ìpéǹpéjú. Ó kú ní California ní November 2007, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ẹwà. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wà lára rẹ̀. Lọ́dún 2009, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè: kí ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà, dókítà gbọ́dọ̀ ti yẹ ara ẹni náà wò, kó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí òfin yẹn béèrè kò ju ohun tí alátọ̀gbẹ lè béèrè fúnra rẹ̀ níbikíbi tó bá wà.

Owó náà wà lára ohun tó ń darí èèyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń kánjú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í sanwó iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú àfi bó bá ń dí ìran lọ́wọ́, Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, náà kò yàtọ̀. Wọ́n á wọn ìran náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú téèpù tó gbé ìpéǹpéjú sókè, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ á sanwó lápò ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ará London sì máa ń wọ bàálù lọ sí Istanbul níbi tí owó rẹ̀ ti kéré. Dókítà ibẹ̀ lè mọ iṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ lè ti bọ́ sí ọjọ́ kẹrin, kí òwú tó jáde, kí ojú wíwú tó lọ, kí ṣúgà tó gòkè tó sì padà sípò. Alátọ̀gbẹ tó bá ṣì fẹ́ lọ yẹ kó mú àbájáde HbA1c, jínótáìpù, àyẹ̀wò rẹ́tínà àti orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ dání, kó sì ti bá dókítà ojú kan nítòsí ilé rẹ̀ sọ ọ́ kó tó sanwó, kí ó má bàa jẹ́ ìgbà tí ojú bá ti wú lóru ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nọ́ńbà tí yóò pè.